Ta ni yóò bá wa gbọ́mọ? Àlàyé lórí ìtọ́jú ọmọ kékeré fún òbí tó ń kó lọ sí Ìlú Ọba

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàrin àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba àti àwọn tó ń palẹ̀ mọ́ nílé: pé ìjọba ti ń fún òbí tó ń ṣiṣẹ́ ní wákàtí 30 lọ́sẹ̀ fún ìtọ́jú ọmọ, lọ́fẹ̀ẹ́, láti ìgbà tí ọmọ bá ti pé oṣù 9. Òótọ́ ni. Àmọ́ òótọ́ yẹn kò kan gbogbo ènìyàn, kò sì kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp. Mo ti rí tọkọtaya tó jókòó ṣírò owó-oṣù, tí wọ́n yọ owó ilé, owó iná àti owó ọkọ̀ kúrò, tí wọn kò sì kọ kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọmọ, nítorí "ìjọba ló ń san án". Mo sì ti rí ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ti lé lọ́dún 3, tó jókòó sílé fún odindi ọdún kan nítorí wọ́n sọ fún un pé ẹni tó bá wà lórí físà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun tó bá ti jẹ́ ti ìjọba. Ọ̀tọ̀ ni àṣìṣe ti àwọn àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni ti ìyá yẹn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló pàdánù.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni mo ń sọ níbí o. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní òfin tiwọn. Ní Scotland, gbogbo ọmọ ọdún 3 àti 4 ló ní wákàtí 1,140 lọ́dún, yálà òbí wọn ń ṣiṣẹ́ tàbí wọn kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń lọ sí Glasgow kò gbọdọ̀ fi ìṣirò ẹni tó ń lọ sí Manchester ṣe tirẹ̀.

## Ṣé físà yín tilẹ̀ gba ọmọ láyè?

Ìbéèrè yìí ló ṣáájú gbogbo rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mú ọmọ tàbí ọkọ tàbí aya dání mọ́, àyàfi ẹni tó ń ṣe PhD tàbí oyè gíga mìíràn tó jẹ́ ti ìwádìí. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún yẹn náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Nọ́ọ̀sì, dókítà àti ọ̀pọ̀ ẹni tí iṣẹ́ wọn gba oyè yunifásítì ṣì lè mú ìdílé wọn wá. Bí aṣojú kan bá sọ fún yín pé ọ̀nà wà tí akẹ́kọ̀ọ́ Master's lásán lè fi gbé ọmọ wá, ẹ fi owó yín sápò.

## Kí ló dé tí ìtọ́jú ọmọ fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Àwọn àgbà ní ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Nílé, ẹnikẹ́ni kì í dá iye lé igba ojú yẹn. Ìyá ọkọ wà níbẹ̀, àbúrò tó ń dúró de ìwé ìgbaniwọlé yunifásítì wà níbẹ̀, ará ilé tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbé ọmọ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi tó wà ní ìkóríta, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì dá yín dúró di aago méje alẹ́, màdáámù á ti fún ọmọ lóúnjẹ kí ẹ tó dé.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ló ń ka ojú tó ń wo ọmọ. Ní jẹ́lé-ó-sinmi ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní nursery, òṣìṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ wo ju ọmọ 3 lọ bí àwọn ọmọ náà kò bá tíì pé ọdún 2. Bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ọdún 2, òṣìṣẹ́ kan lè wo ọmọ 5. Ọmọ 4 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó yí i padà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Tí wọ́n bá ti pé ọdún 3, òṣìṣẹ́ kan lè wo ọmọ 8, ó sì lè tó 13 bí olùkọ́ tó gboyè bá wà pẹ̀lú wọn.

Ibẹ̀ ni owó gọbọi ti wá. Ẹ wo mọ́tò tó ń gbé èrò 3 àti dáńfó tó ń gbé èrò 14, kí àwọn méjèèjì máa ná epo kan náà, kí awakọ̀ wọn sì máa gba owó kan náà. Èrò inú mọ́tò ni owó máa wọ̀ lọ́rùn. Báyìí ló ṣe jẹ́ pé owó ọmọ ọdún kan ju ti ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nínú ilé kan náà: òbí mẹ́ta péré ló ń pín owó òṣìṣẹ́ náà san.

Ní ọdún 2024, nǹkan bí £300 lọ́sẹ̀ ni òbí tí kò rí ìrànwọ́ kankan gbà ń san fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, tí ọmọ náà bá ń lọ láti Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. London gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn lé ní £1,200 lóṣù. Ẹni tó ń mú £2,000 wálé lẹ́yìn owó-orí, tó sì tún ń san owó ilé, kò lè ka owó yìí mọ́ ìnáwó kéékèèké. Ó yẹ kí ó wà ní ìlà kìíní nínú ìṣirò yín, ní ẹ̀gbẹ́ owó ilé, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

## Irú àwọn wo ló ń gbọ́mọ?

Nursery ni ó wọ́pọ̀ jù: ilé ńlá, yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan, àkókò tó dúró gbọin, lọ́pọ̀ ìgbà láti aago méje ààbọ̀ tàbí mẹ́jọ àárọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Childminder ni èyí tí àwọn tiwa kì í sábà rò lákọ̀ọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ó sì jọ ohun tí a mọ̀ nílé jù. Ẹnì kan ni, tó ń tọ́jú ọmọ nínú ilé ara rẹ̀, tó ti forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Kò gbọdọ̀ ní ju ọmọ 6 tí kò tíì pé ọdún 8 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, a kì í sì í sábà rí ju 3 tí kò tíì pé ọdún 5 lọ nínú wọn. Ọmọ á jẹun nídìí tábìlì, á bá wọn lọ mú àwọn ẹ̀gbọ́n níléèwé, á sun oorun ọ̀sán nínú ilé tó dákẹ́. Òmíràn nínú wọn á gba ọmọ láago méje àárọ̀, á sì gbà láti wò ó di alẹ́ díẹ̀, ohun tí nursery kì í gbà. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò láàrin ẹbí rẹ̀ bọ́ sínú òtútù, níbi tí wọn kò ti gbọ́ èdè rẹ̀, èrò tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ wá childminder.

Nanny máa ń wá sílé yín. Ẹ̀yin ni agbanisíṣẹ́ rẹ̀ lójú òfin, ẹ̀yin lẹ máa san owó-oṣù, ẹ̀yin lẹ máa yọ owó-orí rẹ̀. Ó wọ́n.

Àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan náà ní kíláàsì nursery fún ọmọ ọdún 3, tó sábà máa ń jẹ́ wákàtí 3 láràárọ̀. Wákàtí ọ̀fẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé nísàlẹ̀ ló ń gbé irú rẹ̀, owó àfikún kì í sì í pọ̀ níbẹ̀.

Ofsted ni orúkọ àjọ tó ń forúkọ nursery àti childminder sílẹ̀, tó sì ń lọ yẹ̀ wọ́n wò. Èyí tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní nọ́ńbà, ẹ sì lè ka ìròyìn àyẹ̀wò wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Ìbàdàn. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025, Ofsted kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bíi "Good" ṣe ìdájọ́ mọ́. Apá iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìdájọ́ tirẹ̀. Torí náà, bí ẹ bá rí "Outstanding" lára ògiri, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́.

## Ṣé kò sí àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tó lè bá wa gbọ́mọ?

Ọ̀rọ̀ yìí gba kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí ìfẹ́ ló ń bí i. Àǹtí náà dára, ó gbọ́ Yorùbá, ó mọ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, owó tó ń gbà kò tó ìdajì ti nursery. Ṣùgbọ́n òfin ní ẹni tó bá ń tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8, nínú ilé ara rẹ̀, tó ń gbowó, tó sì ń ju wákàtí 2 lọ lóòjọ́, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Àyè díẹ̀ wà fún ọ̀rẹ́, kò sì pọ̀: ọ̀rẹ́ tí kò gbowó kò rú òfin. Mọ̀lẹ́bí náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ mọ̀lẹ́bí lójú òfin yẹn ni òbí àgbà, ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá òbí, àti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọmọ náà. Ẹni tí ẹ ń pè ní àǹtí nítorí ẹ jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin kò sí nínú wọn.

Àǹtí ni òfin máa mú, kì í ṣe ẹ̀yin, ṣùgbọ́n ọmọ yín ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò yẹ ilé rẹ̀ wò. Ẹnikẹ́ni kò bi í bóyá ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe bí oúnjẹ bá há ọmọ lọ́fun. Wákàtí ọ̀fẹ́ ìjọba kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tó bá mọ iṣẹ́ náà lóòótọ́, tí físà rẹ̀ sì gbà á láyè láti dá ṣiṣẹ́, ẹ ràn án lọ́wọ́ kó forúkọ sílẹ̀. Irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ni a nílò jù.

Ìdí tún wà tí ìjọba Ìlú Ọba fi ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ìtàn tiwa sì wà nínú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, nígbà tí àwọn òbí wa ń wá kọ́ ìmọ̀ òfin àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní London, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ẹni bá wọn gbọ́mọ. Wọ́n polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọ́n sì gbé ọmọ fún ìdílé òyìnbó ní Kent, Sussex àti Essex, kí wọ́n lè máa lọ wò ó lópin ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ló gba ọ̀nà yẹn kọjá. "Farming" ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan bọ́ sọ́wọ́ ẹni rere. Àwọn mìíràn dàgbà láìmọ orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n, tí wọn kò sì lè bá ìyá tó bí wọn sọ̀rọ̀ lédè rẹ̀. Lónìí, bí ọmọ yín yóò bá gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ ọn fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dandan ni kí ẹ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn káńsù, ṣáájú. Tọkọtaya tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tí wọ́n fẹ́ gbé ọmọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ní ìlú mìíràn "fún oṣù méjì péré", òfin yìí kàn wọ́n.

## Kí ni ìtumọ̀ "No recourse to public funds"?

Gbólóhùn yìí wà lórí físà ọ̀pọ̀ nínú wa. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó ni físà náà kò gbọdọ̀ gba àwọn owó ìrànwọ́ kan tí ìjọba kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ìwé orúkọ ni, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Child Benefit, owó tí ìjọba ń san fún òbí nítorí ọmọ, wà nínú rẹ̀. Universal Credit, owó ìrànwọ́ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó, wà nínú rẹ̀. Ilé káńsù wà nínú rẹ̀. Iléèwé ìjọba kò sí nínú rẹ̀. Wákàtí 15 tí gbogbo ọmọ ọdún 3 àti 4 ní kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Ẹ wò ó bí òde ìnáwó. Gbogbo ẹni tó bá ti rí ìjókòó ni ìrẹsì máa kàn, ẹnikẹ́ni kò ní bi yín pé ìbátan ta ni yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá gbé ike àti abọ́ ẹ̀bùn jáde, aṣọ ẹbí ni wọ́n ń wò lọ́rùn yín. Ìyá tó jókòó sílé fún ọdún kan yẹn rò pé nítorí òun kò wọ aṣọ ẹbí, ìrẹsì kò tọ́ sí òun. Tọkọtaya tó fi ọ̀fẹ́ ṣírò rò pé nítorí wọ́n ti fún wọn ní ìrẹsì, abọ́ náà ń bọ̀.

## Wákàtí ọ̀fẹ́ mélòó ló wà, ta ni wọ́n sì wà fún?

Mẹ́ta ni. Orúkọ wọn jọra, ohun tó ń da orí ènìyàn rú nìyẹn.

Èkíní ni wákàtí 15 lọ́sẹ̀ fún gbogbo ọmọ ọdún 3 àti 4. Wọn kì í bèèrè físà, wọn kì í bèèrè iṣẹ́, wọn kì í bèèrè owó-oṣù. Ẹ máa lọ bá nursery tàbí childminder fúnra yín pẹ̀lú ìwé tó ń fi ọjọ́ ìbí ọmọ hàn, ẹ óò sì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù wọn.

Èkejì ni wákàtí 15 fún ọmọ ọdún 2 tí owó tó ń wọlé fún òbí rẹ̀ kéré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ nìkan ló wà fún, ṣùgbọ́n ìdílé tí físà wọn ní "No recourse to public funds" náà lè gbà á. Ìlànà ni pé kí owó tó ń wọlé lẹ́yìn owó-orí má ju £26,500 lọ lọ́dún fún ìdílé ọlọ́mọ kan tí kò sí ní London, tàbí £34,500 fún èyí tó wà ní London. Ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọlọ́mọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó tí ẹ fi pamọ́ kò sì gbọdọ̀ ju £16,000. Káńsù lẹ máa kọ̀wé sí fún èyí. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú yín ló tíì rí iṣẹ́, ẹ má ṣe fojú fo ìlà yìí.

Ẹ̀kẹta ni wákàtí 30 tí ariwo rẹ̀ gbòde, láti oṣù 9. Òbí méjèèjì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gba, ó kéré tán, iye tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 16 lọ́sẹ̀ lórí owó-iṣẹ́ tó kéré jù lọ máa gbà, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì máa gba ju £100,000 lọ lọ́dún. Ibi tí a wà tí a ń sọ ọ́ nìyí: ó kéré tán, ọ̀kan nínú àwọn òbí gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Ìlú Ọba tàbí ti Ireland, tàbí kó ní ìwé ìgbélùú tí kò ní gbólóhùn "No recourse" yẹn lára. Bí físà iṣẹ́ ni tọkọtaya méjèèjì wà lórí rẹ̀, tí gbólóhùn yẹn sì wà lára ti àwọn méjèèjì, wákàtí 30 kò tíì kàn wọ́n, bó ti wù kí iṣẹ́ wọn pọ̀ tó. Àǹfààní tí wọ́n ń pè ní Tax-Free Childcare, níbi tí ìjọba ti ń fi £2 kún gbogbo £8 tí òbí bá san, ilẹ̀kùn kan náà ló ń gbà wọlé. Tí ọ̀kan nínú yín bá wá gba ìwé ìgbélùú ayérayé, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Ó dùn mí láti kọ èyí. Nọ́ọ̀sì tó ń san owó-orí lóṣooṣù, tó ń tọ́jú ọmọ àwọn ẹlòmíràn lálẹ́, ló ń san gbogbo owó ìtọ́jú ọmọ tirẹ̀ látàpò ara rẹ̀. Mo gbà pé kò dára, ó sì yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa sọ ọ́ síta. Àmọ́ ẹni tó ń ṣètò ìrìn-àjò gbọ́dọ̀ fi ohun tó wà nílẹ̀ lónìí ṣírò.

## Ṣé ọjọ́ ìbí ọmọ ni wákàtí náà ń bẹ̀rẹ̀?

Rárá o, àṣìṣe yìí ti ná àwọn ènìyàn ní ẹgbẹ̀rún pọ́ùn. Sáà ẹ̀kọ́ tó bá tẹ̀ lé ọjọ́ ìbí ni. Ọmọ tó bá pé ọjọ́ orí tó yẹ láàrin oṣù kìíní àti òpin oṣù kẹta á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 1 oṣù kẹrin. Èyí tó bá pé láàrin oṣù kẹrin àti òpin oṣù kẹjọ á bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Àwọn tó kù á bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ó pé ọdún 3 ní oṣù karùn-ún ọdún 2026, ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án ni wákàtí 15 rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Owó oṣù karùn-ún, ìkẹfà, ìkeje àti ìkẹjọ, ẹ̀yin lẹ ni ín.

Ohun kejì ni pé ọ̀sẹ̀ 38 péré nínú ọdún ni "lọ́sẹ̀" yẹn dúró fún, bí iléèwé ṣe ń wọlé. Wákàtí 15 lọ́nà 38 jẹ́ 570 lọ́dún. Nursery tó ń ṣí yíká ọdún lè tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kó wá jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 11 lọ́sẹ̀. Ẹ lè rí i nínú ìwé owó yín kí ẹ rò pé wọ́n ń yàn yín jẹ; kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún lè bèèrè owó oúnjẹ àti ìlédìí, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ sọ pé ọmọ kò ní wọlé bí ẹ kò bá san án. Ẹ lè di oúnjẹ fún un láti ilé.

Ìrọ̀rùn tó wà níwájú ni Reception, kíláàsì àkọ́kọ́ níléèwé ìjọba, tí ọmọ máa ń wọ̀ ní oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn tó bá pé ọdún 4. Ọ̀fẹ́ ni, láti àárọ̀ di ọ̀sán, fún ọmọ oníwèé-àṣẹ èyíkéyìí. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún yẹn ni wọ́n ń ti ìwé ìbéèrè.

## Màmá ńkọ́?

Kò sí ìdílé Yorùbá tí kì í ronú kan màmá. Físà àbẹ̀wò máa ń gba ènìyàn láyè fún oṣù 6. Ìyá àgbà lè wá kí yín, kó sì máa bá yín wo ọmọ nígbà tó bá wà lọ́dọ̀ yín. Ohun tí òfin kò gbà ni kí ìbẹ̀wò di iṣẹ́: kí ẹ máa sanwó fún un, tàbí kó máa lọ kó máa bọ̀, oṣù 6 lórí oṣù 6, títí ó fi di pé òun gan-an ni jẹ́lé-ó-sinmi yín. Òṣìṣẹ́ físà lè bi í ní tààràtà. Kí màmá sọ òótọ́ pé ọmọ-ọmọ òun lòun ń lọ wò, fún ìgbà báyìí, àti pé ìṣètò ìtọ́jú ọmọ wà lẹ́yìn tí òun bá padà. Kí ìṣètò náà sì wà lóòótọ́.

Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí màmá má bá yín dé pa pọ̀. Ẹ jẹ́ kó wá ní oṣù tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí nursery, nítorí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn ni òtútù àti ikọ́ máa ń gbé ọmọ dè. Bí ọmọ bá bì tàbí tó yàgbẹ́ gbuuru, wọn kò ní gbà á wọlé títí wákàtí 48 yóò fi kọjá lẹ́yìn tó bá dáwọ́ dúró. Owó ọjọ́ wọ̀nyẹn kì í padà wá.

## Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti ṣíìfù ńkọ́?

Níbí ni ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó ti ń gbóná. Ṣíìfù ọ̀sán nílé ìwòsàn sábà máa ń gùn ju wákàtí 12 lọ, láti aago méje ààbọ̀ àárọ̀ di nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Nursery ti tì láago mẹ́fà. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó lè mú ọmọ lójoojúmọ́, ìyẹn sì gba kí ṣíìfù yín máa gba ara wọn láyè.

Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2024, òṣìṣẹ́ lè bèèrè ìyípadà àkókò iṣẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá wọṣẹ́, agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàrin oṣù 2. Ó lè kọ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí òfin gbà. Ẹ má dúró de ìgbà yẹn. Bí wọ́n bá ti fún yín níṣẹ́, kí ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ pé ẹ ní ọmọ kékeré, ẹ sì bi wọ́n bóyá ilé ìwòsàn náà ní nursery fún òṣìṣẹ́, torí àwọn kan ní in, ó sì máa ń tètè ṣí. Tí agbára bá ká a, kí ọ̀kan nínú yín má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù àkọ́kọ́.

## Ìgbà wo ni ká bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè?

Nígbà tí ẹ bá ti mọ ìlú tí ẹ ń lọ, kódà kí físà tó jáde. Àyè ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 ló ṣọ̀wọ́n jù, nítorí ìṣirò òṣìṣẹ́ kan sí ọmọ 3 yẹn. Gbogbo káńsù ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní ọ́fíìsì tó ń sọ fún òbí ibi tí ìtọ́jú ọmọ wà ládùúgbò. Family Information Service ni orúkọ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí wọn láti ilé. Lẹ́yìn náà, ẹ pe nursery mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ ní kí wọ́n fi fídíò fi yàrá ọmọ hàn yín.

Ẹ bi wọ́n nípa ohun tí kì í hàn lójú ìwé: ṣé a óò sanwó ní ọjọ́ ìsinmi ìjọba? Oṣù mélòó la gbọ́dọ̀ fi sọ ṣáájú kí a tó kúrò? Èló ni bí a bá pẹ́ dé? Ṣé owó àsansílẹ̀ máa padà bí físà kò bá jáde? Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ká mi lára, torí mo ti pàdánù irú owó bẹ́ẹ̀ rí ní ibì kan tí n kò ní dárúkọ. Ó wà nínú àdéhùn, èmi ni n kò kà á dópin.

## Kí ni ọmọ nílò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́?

Ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú ẹrù. Ẹ forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, kí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ lè fi káàdì wa wé tiwọn. Wọ́n máa ń pa èéyi, sègede àti rubella pọ̀ sínú abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo níbẹ̀, èyí tí ọmọ yín lè máà tíì gbà.

Bí ọmọ yín bá ní àmì ìbí tó dúdú mọ́ àwọ̀ aró níbàdí tàbí lẹ́yìn, èyí tó wọ́pọ̀ lára ọmọ aláwọ̀ dúdú, ẹ fi han nọ́ọ̀sì, kó kọ ọ́ sínú ìwé ìlera ọmọ, kí ẹ sì sọ fún nursery lọ́jọ́ kìíní. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí lè rò pé ojú ibi tí wọ́n ti lu ọmọ ni, òfin sì ní kí ó fi irú rẹ̀ sùn.

Wọ́n óò yan òṣìṣẹ́ kan tó jẹ́ ti ọmọ yín gan-an. Ẹ bá a jókòó. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́wàá tí ọmọ ń lò sílẹ̀ fún un: omi, ẹ̀bà, ìgbẹ́, oorun, ó ń dùn mí. Ìlànà ìjọba fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n fún ọmọ láyè láti lo èdè ilé rẹ̀, torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé kí ẹ fi Yorùbá sílẹ̀ nílé kí ọmọ lè tètè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Á gbọ́ ọ láàrin oṣù díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe odindi. Ẹ óò jókòó tì í fún wákàtí kan lọ́jọ́ kìíní, ẹ óò jáde fún ìdajì wákàtí lọ́jọ́ kejì, títí á fi mọ́ ọn lára. Ẹ má fi iṣẹ́ sí ọ̀sẹ̀ náà. Ní ọjọ́ ìkẹyìn nínú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé fọ́ọ̀mù àwọn tó lè wá mú ọmọ fún yín. Ẹ kọ orúkọ ẹni méjì sí i yàtọ̀ sí tiyín, pẹ̀lú fọ́tò wọn àti ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọn yóò sọ lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọkọ̀ ojú irin bá dúró ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí ẹ sì rán ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí fọ́ọ̀mù náà, wọn kò ní gbé ọmọ fún un, kódà kí ọmọ máa sáré tọ̀ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín.